Epo gíà tó ń jò lára Benz Bàbá wa

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí. Ẹni tí kò ní mọ́tò, ẹ má tíì lọ o, torí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà lọ sílé náà sì wà níbẹ̀.

Mercedes 230E ọdún 1983 ni mọ́tò ọ̀hún, èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ sí 123. Láti ìparí 1975 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1986 ni wọ́n fi ṣe irú ẹ̀ ní Jámánì, ó sì lé ní mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ tí wọ́n ṣe jáde. Ọ̀kan nínú wọn ló bọ́ sọ́wọ́ Bàbá wa ní 1989. Ọ̀gá wọn kan ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kàkúrì ló ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí ìlú wọn, ló bá tà á fún wọn. Ẹ rántí pé ìlú Peugeot ni Kàdúná. Kàkúrì yẹn kan náà ni wọ́n ti ń to 504 pọ̀ láti 1975, ẹni tó bá sì jẹ́ ẹni nígbà náà, Peugeot ló ń gùn. Ká wá rí Yorùbá kan, ará Ọ̀ffà, tó ń fi Benz gba títì Ahmadu Bello kọjá! Wọ́n ní Bàbá ń ṣe fáàrí. Bàbá ò jiyàn. "Mo ṣe é," ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá papòdà ní 2011. Mọ́tò kù.

Ìyá wa ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí di ọ̀rọ̀ ńlá. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Kàdúná ni wọ́n sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé wọn wá láti Ọ̀ffà ní 1962, ìyàwó tuntun, àpótí onírin kan àti ẹní méjì. Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá, wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní ó tó báyìí, àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Kì í ṣe àbẹ̀wò o. Wọ́n fẹ́ lọ jókòó sínú ilé tí Bàbá kọ́. A ní kò burú. Àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn ní òun á san owó ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní rárá. Ó ní kí a háyà bọ́ọ̀sì tó dáa, tó tutù nínú. Wọ́n ní rárá. "Mọ́tò ọkọ mi wà nínú ọgbà, ẹ wá ní kí n wọ mọ́tò ẹlòmíì lọ sílé ọkọ mi?" Ẹ̀yin náà ẹ sọ, ta ló fẹ́ dá irú ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn?

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mọ́tò ọkọ wọn ti ń jo epo gíà fún bí ọdún méjì, a ò sì rí i dá dúró.

Ẹni tó bá mọ gíà ọtomátíìkì á mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ pé "ṣebí díẹ̀díẹ̀ ló ń kán." Nínú gíà tí à ń fi ọwọ́ pààrọ̀, iṣẹ́ epo ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí irin jẹ irin. Ti ọtomátíìkì yàtọ̀. Epo gan-an ló ń ti mọ́tò lọ. Pọ́ǹpù kan wà níwájú gíà tó ń fi agbára ti epo yẹn, òun ló ń lọ fún àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀ pọ̀ kí táyà tó lè yí. Bí epo bá dín ju bó ṣe yẹ lọ, pọ́ǹpù á máa fa atẹ́gùn mọ́ ọn, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, wọ́n á sì jóná. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, ẹ ó tẹ tọ́rọ́tù títí, mọ́tò ò ní kúrò lójú kan. Ìlà méjì ló wà lára gééjì epo gíà 123, ohun tó sì wà láàárín ìlà òkè àti ìlà ìsàlẹ̀ ò ju lítà 0.3 lọ. Ìyẹn ò kún ìgò kóòkì onígíláàsì kan. Nítorí náà, kí mọ́tò tó ń kán fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò tó bọ́ sí ewu, kò le rárá.

Ẹ wá gbé ìyẹn sójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ti rí níbẹ̀. Láyé ìgbà tí Bàbá ń wakọ̀, ọ̀nà Birnin Gwari ni wọ́n máa ń gbà. Wọ́n á já sí Tegina, Kontagora, Mokwa, a ó gun afárá Jẹ́bà, a ó máa ka àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tó wà nísàlẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú a ti kọjá Ìlọrin. Ta ló ń gba Birnin Gwari báyìí? Àbújá ló kù, Lọ́kọ́ja, Kàbà, Òmù-Àrán. Ọ̀nà jìn. Èèyàn ò gbọdọ̀ dúró sínú igbó níbẹ̀ kó máa wá epo gíà kiri, kí ìyá ẹni jókòó sẹ́yìn mọ́tò, kí wọ́n máa ka tẹ̀sùbáà. Mo sọ fún Màámi pé a ò ní kúrò ní Kàdúná àfi tí kò bá kán mọ́.

"Kó má kán rárá?"

"Kó má kán rárá, Màámi."

Wọ́n ní ó dáa, àwọn ń dúró. Wọ́n sì ti di ẹrù.

Mẹ́káníìkì mẹ́ta ló ti fọwọ́ kan mọ́tò náà ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹni àkọ́kọ́ wọ abẹ́ ẹ̀, ó rí i pé etí sọ́ǹpù gíà ló tutù, ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ó pààrọ̀ ẹ̀. Kò pé oṣù kan, ó tún ń kán. Ó tún pààrọ̀ ẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó fi gọ́ọ̀mù yí etí ẹ̀ ká, ó sì fi gbogbo agbára apá ẹ̀ fún àwọn bọ́ọ̀tì. (Ẹ̀yin tí ẹ ní ọtomátíìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba gọ́ọ̀mù láàyè nínú gíà yín. Èyí tó bá fún sínú á já sínú epo, ojú ihò tóóró tóóró ni epo sì ń gbà nínú gíà. Bí ọ̀kan bá dí, owó ńlá nìyẹn.) Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ náà ní àṣà kan: tó bá ti rí i pé ó kán, á kàn da epo sí i, láìwo gééjì.

Ẹnì kejì ò tiẹ̀ wo abẹ́ pẹ́. Ó ní ọ́ìlì síìlì iwájú ni, èyí tó wà lẹ́yìn tọ́kì kọnfátà, àfi kí wọ́n sọ gíà kalẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Wọ́n pààrọ̀ síìlì, wọ́n gbé e padà, mo san owó tó wọ̀ mí lára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbàwọ́n pupa ti tún wà nílẹ̀ ọgbà. Ẹnì kẹta ló wá sọ èyí tó burú jù: kí n yọ gíà náà dànù, kí òun bá mi wá gíà ọlọ́wọ́ tòkunbọ̀ tí òun á fi rọ́pò ẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo wa mọ́tò mi kúrò níbẹ̀.

Àsìkò yẹn ni àbúrò mi sọ lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí baban bólà wá gbé irin yẹn lọ. Tí Màámi ò bá rí i mọ́, wọ́n á gbà láti wọ ọkọ̀ míì." Mi ò bínú sí i. Nínú owó tí a ti ná, òun ló san ìdajì.

Màámi fúnra wọn ló rán mi sí ọkùnrin tó wá bá wa yanjú ẹ̀. Wọ́n ní, "Àgbà Hausa tí Bàbá yín máa ń lọ bá ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà láyé?" Ó wà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìdí iṣẹ́ títo mọ́tò ló ti lo ìgbà èwe ẹ̀, kó tó wá dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kan. Kò ní pátákó. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ọmọ ọmọ ẹ̀ ló ń wọ abẹ́ mọ́tò fún un. Òun á jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú búútà omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á máa bi ọmọ náà ní ìbéèrè.

Mo kí i, "Sannu da aiki, Baba." Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kó tó wo ojú mi. "Yauwa, Bayarabe. Motar babanka ce?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mọ́tò Bàbá mi ni. Ó nawọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ rá a bí ẹni rá orí ọmọ.

Kò bi mí pé níbo ló ti ń jò. Ìgbà wo ló ń jò ló bi mí. Ṣé tó bá ti rìn tó gbóná ni, àbí tó bá sùn mọ́jú? Ó ní kí n lọ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n máa pààrọ̀ ẹ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kí n kọ àsìkò sí i, kí n kó gbogbo ẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ìbéèrè yẹn nìkan tó owó tí mo fún àwọn mẹ́ta yòókù. Tí mọ́tò bá sùn, epo tó wà nínú tọ́kì kọnfátà máa ń rọra ṣàn padà sínú sọ́ǹpù, epo inú gíà á wá ga ju bó ṣe máa ń wà lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ nìkan ni ẹ ń rí i nílẹ̀, etí sọ́ǹpù tàbí ohun tó wà lókè ẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ fura sí, irú bíi síìlì ibi tí irin tó ń pààrọ̀ gíà ti wọlé. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ìrìn, nígbà tí epo ti gbóná tó ti ṣàn bí omi, ẹ lọ wo ibi tí agbára pọ́ǹpù ń dé, ẹ sì wo àwọn páìpù tó ń gbé epo lọ tutù ní rédíétọ̀ náà. Bó bá sì jẹ́ pé epo ń dín ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbẹ, ẹ wo èéfín. Kínní kan wà lára gíà 123 tí wọ́n ń pè ní modulator. Páìpù tóóró kan ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì wà nínú ẹ̀. Tí rọ́bà yẹn bá ya, ẹ́ńjìnnì á máa fa epo gíà mu, bí ọmọdé ṣe ń fi sítíróò fa kóòkì, èéfín funfun á máa jáde lẹ́yìn. Ẹ fa páìpù yẹn yọ kí ẹ wo inú ẹ̀. Tí ẹ bá rí pupa níbẹ̀, ọwọ́ yín ti tẹ olè. Ọmọ ọmọ àgbà yọ tiwa wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ó gbẹ táútáú.

Páálí mẹ́fà ni mo kó padà lọ. Gbogbo ti alẹ́ ló ní àbàwọ́n tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, lápá ẹ̀yìn. Ti àárọ̀ ní ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta péré, lápá iwájú, ní igun sọ́ǹpù. Àgbà náà gbé wọn sún mọ́ ojú, ó gbóòórùn wọn, ó fi ìka pa á wò. Ó bi mí bóyá wọ́n ti da epo gíà sínú sítíárì rí, nítorí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì wa ló ń da epo pupa yẹn kan náà sí méjèèjì, èyí tó bá ń kán níwájú lè máà jẹ́ ti gíà rárá. Wọ́n yẹ ti sítíárì wò, ó pé, gbogbo ibẹ̀ gbẹ. Ó wá na ìka méjì sókè. "Biyu ne." Méjì ni wọ́n. Ó ní gbogbo àwọn tó ti ṣe é ṣáájú, ẹyọ kan ni wọ́n ń wá, tí wọ́n bá dí ibì kan, èkejì á dá wọn lóhùn.

Ohun tó kàn ni fífọ̀. Ẹ má fojú di iṣẹ́ yìí o. Ìdọ̀tí ọdún púpọ̀, erùpẹ̀ Kàdúná àti epo, ti lẹ̀ mọ́ gíà náà bí àṣáró tó gbẹ sí ìdí ìkòkò. Ọmọ náà fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́, ó fi ọṣẹ Omo fọ̀ ọ́, ó tún fi omi ṣàn án, wọ́n sì ní kí fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ. Odindi ọ̀sán kan ló gbà. Àgbà wá ní kí n wá páúdà. Mo rò pé mi ò gbọ́ Hausa dáadáa. "Páúdà ọmọdé," ó ní, "èyí tí ìyá ẹ ń kùn sọ́rùn." Mo rìn lọ sí ilé, mo gba agolo kan lọ́wọ́ Màámi, wọ́n bi mí pé ṣé gíà náà ń bọ̀ wá ṣe ìsọmọlórúkọ ni.

Wọ́n fọ́n páúdà yẹn sí ara gíà yí ká, ó funfun báláú. Ó ní kí n wà á láti ibẹ̀ dé Kawo kí n padà, kí n tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin márùn-ún níbi tí ọ̀nà bá gbà mí láàyè. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé, wọ́n gbé e sórí kòtò kí ó tó tutù, ọmọ wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

"Me ka gani?" Kí lo rí?

Ọmọ ní gbogbo ẹ̀ funfun. Ó dákẹ́. Ó ní ó kù ìlà pupa kan bí òwú, ní ẹ̀gbẹ́ gíà, lápá ẹ̀yìn.

"Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí sọ́ǹpù?"

"A'a, Baba. Láti òkè ló ti wá."

Àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní epo kì í gun òkè. Ó ní ìsàlẹ̀ ló ti ń kán, òkè ló ti ń jò, atẹ́gùn abẹ́ mọ́tò á sì tún gbé e sẹ́yìn, kí ẹni tó bá ń wo ìsàlẹ̀ nìkan lè máa pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì títí ayé. Ọmọ fi ìka tọ òwú pupa yẹn lọ sókè, ó bá a dé ìdí kínní kékeré kan tí wáyà kan ṣoṣo wọ̀. Solenoid ni. Tí ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá nígbà tí ẹ fẹ́ ya ẹnìkan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, iná á dé ibẹ̀, gíà á sì bọ́ sí èyí tó lágbára jù. Ìdí tó fi ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tú u. Òrùka rọ́bà kan ló wà ní ìdí ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní O-ring, ó sì ti le kankan bí ìgbá. Ọmọ fi èékánná kàn án, ó ṣẹ́ sí méjì. Ooru ogójì ọdún ló ń jẹ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì pààrọ̀ ẹ̀ rí.

Mo mú àfọ́kù ẹ̀ lọ sí Panteka. Rọ́bà tó jọ ọ́ wà lọ́pọ̀, ti páìpù omi ni. Àgbà ti kìlọ̀ fún mi: rọ́bà omi tí ó bá wọ inú epo gíà tó gbóná á wú, á sì jẹrà. Èyí tó ń gba epo àti ooru la ń wá, tó sì gbọdọ̀ bá a mu géérégé. N kò rí i. Mo ya fọ́tò ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìbàdàn, láì sọ nǹkan kan sí i. Kò dáhùn ní ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, ó pè mí láti ọjà Araromi ní Agodi, ariwo ọjà ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i. Mo ra mẹ́ta, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹ ó tún bà á jẹ́." Ó wébíìlì ẹ̀ sí mi nínú bọ́ọ̀sì. Owó wébíìlì náà ju owó òrùka rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ẹ wo gíà tí wọ́n sọ kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ti èkejì, ti àárọ̀ yẹn, a mọ ẹni tó fà á. Nígbà tí wọ́n tú sọ́ǹpù, gbogbo ibi tí bọ́ọ̀tì wà ní etí ẹ̀ ló ti wọ̀ sókè, nítorí agbára apá mẹ́káníìkì àkọ́kọ́. Láàárín bọ́ọ̀tì kan sí èkejì, àlàfo ti wà, gọ́ọ̀mù ló ń dí i. Àgbà gbé e lé orí irin pẹlẹbẹ, ó rọra fi òòlù gbá a títí ó fi tẹ́jú, òun fúnra ẹ̀ ló ṣe èyí, ọwọ́ ló fi ń wò ó. Wọ́n họ gọ́ọ̀mù kúrò, wọ́n fi fíítà tuntun sí i, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ní gbígbẹ, láì fi nǹkan kan pa á. Sípánà kékeré ni ọmọ fi dè é, bọ́ọ̀tì kan níbí, èyí tó dojú kọ ọ́ lọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀ yí ká. Ó fẹ́ tún fún un sí i, àgbà ní, "Ya isa." Ó ti tó.

Dídà epo padà náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n ti fa ti inú tọ́kì kọnfátà náà yọ, torí ó ní nọ́ọ̀tì tirẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n máa ń fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí nọ́ọ̀tì yẹn fi máa yọjú. Bí lítà 6 ni gbogbo ẹ̀ gbà, Dexron ni. Wọ́n kọ́kọ́ da 4 sí i, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé gíà gba gbogbo ojú ẹ̀ kọjá padà sí P, wọ́n wá ń da ìyókù sí i ní díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ẹ ti gbọ́dọ̀ wo gééjì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí epo ti gbóná. Tó bá tutù tí ẹ wò ó, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ ìlà méjèèjì, ẹ ó rò pé kò pé, ẹ ó tún da sí i. Epo tó bá pọ̀ jù á máa hó bí ọṣẹ nínú gíà, á gba ojú ihò atẹ́gùn òkè jáde, á sì ṣàn wálẹ̀. Ìyẹn á tún jọ jíjò. Mo rántí ọmọ iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù ẹ̀.

Mo tẹ́ páálí ní ọjọ́ mẹ́rin. Mo lọ sí Zaria lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Màámi gbé àga jáde sí ọgbà, wọ́n ní, "Páálí ọ̀hún dà?" Mo fà á yọ lábẹ́ mọ́tò. Wọ́n gbà á, wọ́n wo iwájú ẹ̀, wọ́n yí i wo ẹ̀yìn, wọ́n fi etí ìborùn wọn nù ún, wọ́n wo ìborùn. Wọ́n ní, "Sátidé ńkọ́?"

A kúrò ní Kàdúná ní Sátidé lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Àgbà Hausa ti wá kí wọn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọmọ ọmọ ẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wá, àwọn àgbà méjèèjì jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Bàbá ní Hausa títí, èmi ò dá sí i. Mo dúró wo gééjì ní Lọ́kọ́ja, kò dín. Mo tún wò ó ní Òmù-Àrán. Kò dín. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a wọ Ọ̀ffà. Àbúrò mi ti dé láti Ìbàdàn, òun ló ṣí géètì. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà wọ́n sọ̀kalẹ̀, Màámi ní kí a jẹ́ kí àwọn ṣì jókòó díẹ̀. A pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n jókòó tó bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìṣẹ́jú, àbúrò mi dúró ti ilẹ̀kùn mọ́tò, kò sọ nǹkan kan.

Mọ́tò náà ò bá mi padà. Wọ́n ní ilé ọkọ àwọn ni òun náà wá. Àbúrò mi ló ń wá láti Ìbàdàn ní oṣooṣù láti tan án, kí síìlì má gbẹ, ó sì ti ń bi mí ní ìbéèrè nípa kábúrétọ̀ tí 230E ò ní.

Òrùka rọ́bà méjì ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Ẹni tó bá ní 123 ọtomátíìkì ní Kàdúná tàbí Zaria tó ń kán lẹ́yìn ìrìn, kó kọ́kọ́ fọ abẹ́ ẹ̀ dáadáa, kó fọ́n páúdà sí i, kó wò ó. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ náà ni, kó kọ sí mi, n kò ní gba kọ́bọ̀. Ọ̀kan fún ẹnì kan o, ẹ jọ̀ọ́.